Kátíríìjì fún Ọdẹ Púmà: Ọ̀rọ̀, Ìtumọ̀ àti Yíyàn

1.0 Ìfáàrà

Bí ọdẹ Yorùbá àtijọ́ bá sọ pé ọta òun ti tán, ẹni tí ó gbọ́ kò ní láti béèrè ohun tí ó ní lọ́kàn. Ohun kan ṣoṣo ni ọta jẹ́ lẹ́nu rẹ̀: irin tàbí òjé tí ń jáde lẹ́nu ìbọn lọ bá ẹran. Ẹ̀tù wà nínú àdó tirẹ̀, ọta wà nínú àpò tirẹ̀, òkúta tí ń ṣá iná sì wà lára ìbọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ń kó wọn jọ nígbà tí ó bá fẹ́ ki ìbọn.

Láti ìgbà tí ìbọn òde òní ti kó gbogbo nǹkan wọ̀nyí sínú ìkarahun kan ni ọ̀rọ̀ náà ti ń ru ẹrù tí ó ju agbára rẹ̀ lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ìtumọ̀, ọta ni wọ́n ń pe ohun tí ń fò jáde. Ọta náà ni wọ́n ń pe odindi ohun tí a ń kì sínú ìbọn. Ọta kan náà ni wọ́n sì ń pe àwọn hóró kéékèèké tí ń tú ká. Nínú ìtàn àròsọ, èyí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Nínú ìwé ẹ̀kọ́ físíìsì, nínú ìwé òfin àti nínú ìlànà ìlò ìbọn, ó lè fa àṣìṣe tí ó gba ẹ̀mí.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ ṣe ni láti ya àwọn ìperí wọ̀nyí sọ́tọ̀, kí ó sì dán wọn wò lórí ọ̀ràn kan pàtó: bí ọdẹ ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ṣe ń yan kátíríìjì tí ó yẹ fún ẹranko tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ ń pè ní cougar. Ìdí tí ọ̀ràn yìí fi dára fún ìdánwò ni pé kò ṣeé ṣàlàyé rárá bí ọta, kátíríìjì àti ìbú ìbọn bá ń jẹ́ orúkọ kan náà.

2.0 Ẹranko náà àti orúkọ rẹ̀

Ẹranko yìí kò sí ní Áfíríkà. Láti ìwọ̀-oòrùn Kánádà títí dé ìhà gúsù Chile àti Ajẹntínà ni ó ń gbé. Orúkọ rẹ̀ pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ẹranko lọ. Cougar, puma, mountain lion, panther àti catamount ni wọ́n ń pè é ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Ní Bràsíìlì, onça-parda tàbí suçuarana ni. Láti inú èdè Quechua ti àwọn ará òkè Andes ni puma ti wá. Linnaeus sọ ọ́ ní Felis concolor ní ọdún 1771. Puma concolor ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ẹranko ń lò lónìí.

Ọ̀nà mẹ́ta ni olùtumọ̀ lè gbà. Èkíní ni kí ó tú mountain lion ní olówó-orí, kí ó sì kọ ‘kìnnìún orí òkè’. Àléébù ọ̀nà yìí pọ̀. Ẹranko náà kò ní gọ̀gọ̀ lọ́rùn, kì í gbé lágbo, kò sì lè bú ramúramù. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ìwúwo ara wọn yàtọ̀ gidigidi. Akọ kìnnìún a máa tó 150 sí 250 kìlógíráàmù, nígbà tí ọ̀pọ̀ akọ cougar wà láàárín 53 sí 72, tí abo sì wà láàárín 34 sí 48. Ẹni tí ó bá ka ‘kìnnìún’ yóò máa wá kátíríìjì tí a fi ń pa kìnnìún. Orúkọ tí kò tọ́ á sì di ìbọn tí kò tọ́.

Èkejì ni kí ó sọ pé ‘ẹkùn aláwọ̀-kan’. Èyí sàn jù, nítorí pé ìtumọ̀ concolor ní èdè Látìn náà nìyẹn: àwọ̀ kan ṣoṣo ni àgbà rẹ̀ ní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ a máa ní tótòtó lára kí ó tó dàgbà. Ìwọ̀n ara rẹ̀ náà kò jìnnà sí ti ẹkùn inú igbó wa. Ṣùgbọ́n ẹkùn fúnra rẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn, nítorí pé àwọn kan ń lò ó fún ẹranko onílà ti ilẹ̀ Éṣíà, àwọn mìíràn sì ń lò ó fún èyí tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní àmọ̀tẹ́kùn.

Ẹ̀kẹta ni àyálò: púmà. Ó kúrú, ó rọrùn láti pè, ó bá orúkọ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì mu, kò sì jọ orúkọ ẹranko mìíràn ní èdè Yorùbá. Púmà ni yóò jẹ́ ìperí nínú àpilẹ̀kọ yìí. Ẹkùn aláwọ̀-kan lè jẹ́ àpèjúwe fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́.

3.0 Kátíríìjì àti ẹ̀yà ara rẹ̀

3.1 Àwọn ẹ̀yà mẹ́rin

Àwọn àgbà ní bí a bá perí ajá, ká perí ìkòkò tí a ó fi sè é. Ẹni tí ó bá perí ọta kò lè ṣàì perí ohun tí ó gbé e dúró. Ohun mẹ́rin ni ó para pọ̀ di kátíríìjì:

(i) Ìkarahun: ago idẹ tí ó kó àwọn yòókù mọ́ra.
(ii) Aṣáná: èròjà tí ń gbaná bí nǹkan bá gbá a, ìdí ìkarahun ni ó wà.
(iii) Ẹ̀tù: ohun tí ń jó nínú ìkarahun.
(iv) Ọta: ohun tí ó dí ẹnu ìkarahun, tí ń jáde lọ bá ẹran.

Bí ayìnbọn bá fa ìbọn, abẹ́rẹ́ irin kékeré kan yóò gbá aṣáná. Aṣáná yóò tan iná sí ẹ̀tù. Ẹ̀tù tí ó ń jó yóò di gáàsì gbígbóná tí ń wá àyè lọ. Idẹ ìkarahun yóò fẹ̀ díẹ̀, yóò sì fara mọ́ ògiri yàrá ìbọn, kí gáàsì má baà ráyè gba ẹ̀yìn jáde sí ojú ayìnbọn. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó kù ni iwájú, níbi tí ọta wà. Nítorí náà, ọta nìkan ni ó ń kúrò. Ìkarahun kì í bá a lọ. Gbólóhùn bí i ‘ó ṣa ọta tí ó ti yìn nílẹ̀’ kò lè tọ́ bí ó bá jẹ́ ìkarahun ni ó ṣà.

Àwọn kan ti dábàá ‘àdìpọ̀ ọta’ fún cartridge. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò rò pé ọta púpọ̀ ni a dì pọ̀, bẹ́ẹ̀ ọta kan ṣoṣo ni ó wà nínú ti ìbọn tí à ń sọ yìí. Kátíríìjì ti wà lẹ́nu àwọn ọdẹ fún ìgbà pípẹ́, kò sì sí ìdí láti lé e kúrò. Kò yẹ kí jíjẹ́ tí ó jẹ́ àyálò dójú ti ẹnikẹ́ni: àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà yá a láti inú èdè Faransé, Faransé yá a láti inú èdè Ítálì, bébà sì ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé inú bébà ni wọ́n ń di ẹ̀tù àti ọta sí kí ìkarahun idẹ tó dé.

Ibi tí aṣáná wà ni ó pín kátíríìjì sí ọ̀nà méjì. Nínú èyí tí ó kéré, a tẹ́ aṣáná yí etí ìdí ìkarahun ká. Èyí ni kátíríìjì afetígbaná. Nínú èyí tí ó tóbi, aṣáná jókòó sí àárín ìdí gan-an; èyí ni kátíríìjì afàárín-gbaná. Ìdí ìkarahun afetígbaná gbọ́dọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kí abẹ́rẹ́ tó lè tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà kò lè gba ẹ̀tù tí ó lágbára púpọ̀.

3.2 Ráífù

Ohun tí ó mú ráífù yàtọ̀ ni àwọn ìlà tí ó lọ́ nínú ọ̀pá rẹ̀. Ìlà wọ̀nyí ni ó fún un ní orúkọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ‘ìbọn onílà-lílọ́’ sì lè sọ ohun kan náà ní Yorùbá. Iṣẹ́ wọn kò ṣòro láti fi ye ọmọ ilé-ìwé. Òkòtó tí ó ń yí a máa dúró ṣánṣán. Bí kò bá yí mọ́, a ṣubú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọta: ìlà lílọ́ ń mú un yí, yíyí náà ni kò sì jẹ́ kí ó ta gìrọ́gìrọ́ lójú afẹ́fẹ́.

3.3 Nọ́ńbà inú orúkọ

Ibí ni olùtumọ̀ ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jùlọ. Nọ́ńbà tí ó ṣáájú nínú orúkọ kátíríìjì Amẹ́ríkà sábà máa ń tọ́ka sí ìbú, tí a fi ínǹṣì wọ̀n. Ṣùgbọ́n orúkọ ni, kì í ṣe òṣùwọ̀n pípé. Ọta .223 Remington jẹ́ ínǹṣì 0.224 ní ìbú, ti.44 Magnum jẹ́ 0.429. Nọ́ńbà kejì kò ní ìtumọ̀ kan pàtó rárá. Nínú .30-30, ó ń tọ́ka sí ìwọ̀n ẹ̀tù tí wọ́n kọ́kọ́ fi sínú rẹ̀, nínú.30-06, ó ń tọ́ka sí ọdún 1906, nínú.250-3000, ìyára ọta ni ó ń sọ, ẹsẹ̀ bàtà 3000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Kátíríìjì .30-30, .308 Winchester àti .30-06 ń lo ọta tí ìbú wọn jẹ́ ọ̀kan náà, ínǹṣì 0.308, ṣùgbọ́n ìkarahun wọn yàtọ̀ síra. Ìbọn ọ̀kan kì í ṣe ìbọn èkejì. Ewu tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti ẹnu lásán. Láti inú irú ìkarahun tí .223 ń lò ni a ti ṣe .300 Blackout, ṣùgbọ́n ọta rẹ̀ fẹ̀ jù. Ó lè wọ yàrá ìbọn .223, bí a bá sì yìn ín níbẹ̀, ọta kò lè gba inú ọ̀pá kọjá, ìbọn yóò sì fọ́ mọ́ ayìnbọn lọ́wọ́.

Ìlànà tí ó tẹ̀lé èyí ṣe kedere. A kì í tú orúkọ kátíríìjì, a kì í yí nọ́ńbà rẹ̀ sí mìlímítà, a kì í sì gé e kúrú. Ẹni tí ó kọ ‘ọta oní mìlímítà 7.8’ dípò .30-30 kò tíì sọ kátíríìjì kankan.

4.0 Ìwúwo, ìyára àti agbára

Nínú èdè ojoojúmọ́, agbára ń ṣiṣẹ́ fún nǹkan púpọ̀: okun ara, àṣẹ, owó. Nínú ẹ̀kọ́ físíìsì, ó dára kí ipá jẹ́ ti ohun tí ń ti nǹkan tàbí tí ń fà á, kí agbára sì jẹ́ ti ohun tí a fi ń ṣe iṣẹ́. Agbára tí nǹkan ní nítorí pé ó ń sáré ni agbára eré. Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀ nìyí: ìdajì ìwúwo ní kìlógíráàmù, ní ìlọ́po ìyára, ní ìlọ́po ìyára náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Júùlù ni òṣùwọ̀n rẹ̀.

Àwọn nọ́ńbà ìsàlẹ̀ yìí jẹ́ ti ẹnu ìbọn, wọ́n sì lè yí padà díẹ̀ láti ọwọ́ olùṣe kan sí òmíràn:

.22 Long Rifle: ọta gíráàmù 2.6; mítà 380 ní ìṣẹ́jú-àáyá; júùlù 190.
.22 Magnum: ọta gíráàmù 2.6, mítà 570, júùlù 420.
.357 Magnum nínú ráífù: ọta gíráàmù 10.2, mítà 560, júùlù 1,600.
.223 Remington: ọta gíráàmù 3.6, mítà 990, júùlù 1,740.
.30-30 Winchester: ọta gíráàmù 9.7, mítà 730, júùlù 2,580.
.243 Winchester: ọta gíráàmù 6.5, mítà 900, júùlù 2,630.
.30-06 Springfield: ọta gíráàmù 11.7, mítà 820, júùlù 3,930.

Àfiwé kan níhìn-ín yẹ fún kíláàsì. Agbára .243 àti ti .30-30 fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba lẹ́nu ìbọn, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan fúyẹ́ ó sì yára, èkejì wúwo ó sì lọ́ra. Ṣùgbọ́n ọta .30-30 sábà máa ń ní imú pẹlẹbẹ, afẹ́fẹ́ a sì tètè dá a dúró. Ní nǹkan bí mítà 180, kò tó ìdajì agbára rẹ̀ tí ó ṣẹ́kù, nígbà tí .243 ṣì ní nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Nítorí náà, ẹni tí ó bá béèrè pé ‘èwo ló lágbára jù?’ kò tíì béèrè tán. Ó yẹ kí ó fi kún un pé ‘níbo?’

5.0 Yíyàn

Awọ púmà kò nípọn, egungun rẹ̀ kò sì le bí ti béárì. Ọta tí ó bá wọ inú ẹ̀dọ̀fóró tàbí ọkàn rẹ̀, lẹ́yìn apá iwájú, yóò tètè pa á. Kò sí ìdí láti wá kátíríìjì tí ó tóbi jùlọ. Ohun tí ó ń pinnu yíyàn ni ọ̀nà tí ọdẹ ń gbà dẹ ẹ́.

5.1 Dídẹ pẹ̀lú ajá

Ọ̀nà yìí ni ó wọ́pọ̀ jùlọ níbi tí òfin bá gbà á. Ajá á gbóòórùn púmà lórí yìnyín, wọn á lé e títí yóò fi gun igi tàbí pàlàpálá àpáta, ọdẹ á sì tẹ̀ lé igbe wọn. Ìgbà tí ó bá dé, púmà kì í sábà jìnnà ju mítà 10 sí 30 lọ.

Nǹkan mẹ́rin ni ọdẹ ní láti rò. Àkọ́kọ́, ikú gbọ́dọ̀ yá: púmà tí ó fara gbọgbẹ́ á já bọ́ sáàárín ajá, èékánná rẹ̀ sì lè pa wọ́n. Èkejì, òkè ni ẹnu ìbọn kọjú sí. Ilẹ̀ kò sí lẹ́yìn ẹran láti gba ọta dúró. Èyí tí ó bá la ẹran kọjá tàbí tí ó tàsé yóò máa bá ojú ọ̀run lọ, ibi tí yóò bọ́ sí kò sì yé ẹnikẹ́ni. Ẹ̀kẹta, ọ̀pọ̀ ọdẹ fẹ́ kí awọ wà ní odidi. Ẹ̀kẹrin, ìbọn tí a ó gbé gun òkè fún ọ̀pọ̀ wákàtí kò gbọdọ̀ wúwo.

Bí a bá gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹ̀ wò, .30-06 ní ju ohun tí a nílò lọ, ìtìsẹ́yìn rẹ̀ sì pọ̀. .22 Long Rifle kéré jù: ó lè pa púmà bí ó bá bá ibi tí ó tọ́ gan-an, ṣùgbọ́n bí ó bá yẹ̀ díẹ̀, ajá ni yóò san gbèsè náà. .22 Magnum sàn díẹ̀, síbẹ̀ àlàfo fún àṣìṣe kò tó. .357 Magnum nínú ráífù kúkúrú, tàbí .30-30, ni ó bá ọ̀ràn mu jùlọ: ọta wọn wúwo tó láti dé ẹ̀dọ̀fóró, kò sì yára débi tí yóò fi ya awọ pẹ́rẹpẹ̀rẹ.

5.2 Dídẹ nípa pípè

Níhìn-ín, ọdẹ á fara pamọ́, á sì máa ké bí ehoro tàbí ọmọ àgbọ̀nrín tí ó wà nínú ìrora. Púmà á yọ́ wá láìdún, ó sì lè dúró ní mítà 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ajá tí yóò mú un dúró de ìbọn kejì. Nítorí náà .243 ni ó yẹ jù. .223 náà lè tó, bí irú ọta inú rẹ̀ bá tọ́.

5.3 Kátíríìjì kan, ọta mẹ́ta

‘Bí irú ọta inú rẹ̀ bá tọ́’: gbólóhùn yìí ni ẹ̀rí tí ó lágbára jùlọ pé ọta àti kátíríìjì kò lè jẹ́ ìperí kan. Ẹ jẹ́ kí a mú .223 nìkan. Bí ọta inú rẹ̀ bá jẹ́ àbòpátá, èyí tí irin líle bo òjé inú rẹ̀ láti imú wá, ó lè la ara púmà kọjá bí abẹ́rẹ́, kí ẹran sì sá lọ kú sí ibi tí a kò ní rí i. Bí ó bá jẹ́ atètèfọ́, èyí tí a ṣe fún ẹran kéékèèké, ó lè fọ́ sí wẹ́wẹ́ ní èjìká kí ó tó dé ẹ̀dọ̀fóró. Bí ó bá jẹ́ agbòòrò, imú rẹ̀ á là bí òdòdó nínú ara, á fẹ̀ sí i, á sì máa wọlé lọ. Ìkarahun kan náà, aṣáná kan náà, orúkọ kan náà. Ọta nìkan ni ó yàtọ̀, àbájáde rẹ̀ sì di mẹ́ta. Olùtumọ̀ tí ó ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò lè tú ìmọ̀ràn yìí, kò sì lè mọ̀ pé òun kò tú u.

6.0 Òfin

Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Amẹ́ríkà ni ó ń ṣe òfin tirẹ̀. Ní Kalifọ́níà, àwọn olùdìbò fòpin sí ọdẹ púmà fún eré ìdárayá ní ọdún 1990. Ní Oregon, 1994, àti Washington, 1996, ìdìbò fòfin de lílo ajá, ṣùgbọ́n wọn kò fòfin de ọdẹ púmà fúnra rẹ̀. Ní Colorado, ìdìbò oṣù kọkànlá ọdún 2024 kọ̀ láti fòfin dè é. Ti Florida wà lábẹ́ ààbò ìjọba àpapọ̀ láti ọdún 1967. Púpọ̀ nínú àwọn ìpínlẹ̀ tí ó gbà á láàyè kò jẹ́ kí a pa abo tí ó ní ọmọ tótòtó lẹ́yìn. Nínú irú ìwé òfin bẹ́ẹ̀, afàárín-gbaná, ìbú àti agbára jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó lè sọ ènìyàn di ọ̀daràn tàbí kí ó dá a láre.

7.0 Àkójọ ìperí

bullet: ọta
calibre: ìbú ìbọn
cartridge: kátíríìjì
case: ìkarahun
centrefire: afàárín-gbaná
chamber: yàrá ìbọn
cougar: púmà
energy: agbára
expanding bullet: ọta agbòòrò
force: ipá
full metal jacket bullet: ọta àbòpátá
kinetic energy: agbára eré
powder: ẹ̀tù
primer: aṣáná
recoil: ìtìsẹ́yìn
rifle: ráífù, ìbọn onílà-lílọ́
rifling: ìlà lílọ́
rimfire: afetígbaná

8.0 Ìkádìí

Àwọn ìperí wọ̀nyí kò lé ọ̀rọ̀ ọdẹ kankan kúrò láyè rẹ̀. Ẹ̀tù ṣì jẹ́ ẹ̀tù. Ọta tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta ti padà sí iṣẹ́ kan tí àwọn ọdẹ àtijọ́ fi rán an. Àyálò méjì ni a gbà níbi tí nǹkan tuntun ti dé, ìyẹn kátíríìjì àti ráífù, ẹ̀kẹta sì ni púmà, tí a gbà nítorí pé ẹranko náà kò sí nínú igbó wa. Àwọn yòókù ni a fi ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó ti wà nílẹ̀ ṣẹ̀dá. Olùkọ́ lè dán wọn wò nínú kíláàsì, kí olùtumọ̀ sì dán wọn wò lórí ìwé òfin. Èyí tí kò bá wọlé lẹ́nu àwọn ènìyàn, kí a pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe tún ti ẹrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà sí orí ọta nìkan.